Ó Ti Kú Kí N Tó Gbá A

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, nígbà tí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkọ̀ akóyanrìn gbá ọkùnrin kan tí ó ń fi alùpùpù kó oògùn lọ sí àwọn ilé ìwòsàn. Ó kú lójú ẹsẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Bàbá rẹ̀ kò bí ọmọ mìíràn.

Ìkùukùu bo títì ní òwúrọ̀ náà. Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn láti àgọ́ ọlọ́pàá dé oríta tí ó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní orúkọ yẹn, nítorí pé ní gbogbo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí ó ti fi ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ kí ó pariwo. Láti ọdún méjì sẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ohùn náà tún ti lọ sílẹ̀ sí i, débi pé ẹni tí ó bá fẹ́ parọ́ fún un ní láti sún mọ́ ọn kí ó tó gbọ́ ìbéèrè, wọn a sì di ojú kojú.

Wọ́n ti gbé òkú kúrò. Alùpùpù náà dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ìhà rẹ̀ kan ti tẹ̀ wọnú. Kò sí oògùn nínú àpótí ẹ̀yìn rẹ̀. Àpò aláwọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ ní kí Sájẹ́ǹtì gbé àpò náà pa mọ́, kí ó sì kọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà. Wọ́n ti yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí títàn. Bọ́tìnì iná iwájú wà ní títàn, iná kò sí. Bọ́tìnì tíráfíkétọ̀ wà ní apá òsì, ṣùgbọ́n gílóòbù kankan kò ṣẹ́jú. Ó pa kọ́kọ́rọ́, ó tún yí i padà. Iná pupa kékeré kan yọ fírí lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì kú.

"Ó ti mutí yó ni!" ni àwọn èrò ń pariwo lé dẹ́rẹ́bà típà lórí. "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn! Ẹ mú un lọ, kó lọ ṣàlàyé fún adájọ́!"

Dẹ́rẹ́bà náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọkọ̀ rẹ̀, ó káwọ́ lérí. Èèyàn ńlá ni, ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn, ó dà bí ẹrù tí wọ́n já sílẹ̀ tí olówó rẹ̀ kò padà wá gbé.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Sájẹ́ǹtì kó ìwé wá bá ọ̀gá rẹ̀, ẹ̀rín ń pa á, ó sì ń gbìyànjú láti fi pa mọ́.

"Ọ̀gá, orí dẹ́rẹ́bà yìí ti dàrú. Ẹ wo ohun tó ní kí n kọ sílẹ̀. 'Ó ti kú kí n tó gbá a.' Mo ní, ta ló ti kú? Ó ní, ẹni tó wà níwájú òun. Mo ní, ṣé òkú ló gun máṣíìnì ni? Àbí àkúdàáyà lò ń bá pín títì?"

"Mú un wọlé."

Dẹ́rẹ́bà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó ní kí ó jókòó.

"Mi ò mu nǹkan kan, sà. Omi ni mo mu láti àárọ̀. Ẹ gbóòórùn ẹnu mi. Ẹ wá, ẹ gbóòórùn rẹ̀."

"Jókòó," ni Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ wí. Sájẹ́ǹtì ti bi ọkùnrin yìí léèrè ní ìgbà mẹ́ta pé ta ló kú. Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ tẹ̀ síwájú díẹ̀. "Kí ló kú?"

Dẹ́rẹ́bà gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún.

"Máṣíìnì ni, sà! Ọlọ́run á bá mi bù kún yín! Ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn! Ó wà níwájú mi, ó ń lọ dáadáa. Ó fẹ́ yà sósì. Ọwọ́ tó nà ni mo fi mọ̀, torí iná rẹ̀ ò tàn. Ó tẹ bíréèkì, iná ẹ̀yìn ò tàn. Bó ṣe yí orí rẹ̀ sí ojú títì báyìí, ó kú. Ó dúró gbagidi. Mo rí i tó ń fi ẹsẹ̀ ta á, ó ta á lẹ́ẹ̀kan, ó ta á lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti tẹ bíréèkì tèmi dé ilẹ̀ pátápátá. Yanrìn ló wà lẹ́yìn mi, sà. Ẹ ò lè sọ fún yanrìn pé kó dúró."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ọmọ mélòó lo ní?" ni Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ bi í.

"Mẹ́ta, sà. Wọn ò tíì mọ ibi tí mo wà."

Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n máa gbé e lọ síwájú adájọ́. Bí kò bá sí ohun tí ó gbè é lẹ́sẹ̀, kò ní sí nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ wo ìwé Sájẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó dé fìlà rẹ̀, nítorí pé ẹnì kan ní láti lọ sọ fún bàbá.

Bàbá Réwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà. Iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ àti alùpùpù ló ti ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju yàrá ìsùn lọ. Ó fi wáyà kọ́ ara ìṣó lórí ògiri, pupa lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀, yẹ́lò lọ́tọ̀. Gbogbo ibi tí ó ti fi téèpù wé wáyà, ó fi òwú funfun so ìdí téèpù náà ní ìlọ́po mẹ́ta kí ó má bàa ṣí. Òwú kan náà ló fi so apá dígí ojú rẹ̀ tí ó ti kán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, wọ́n ti nu àga kan mọ́ tónítóní. Ife méjì dojú délẹ̀ lórí pẹpẹ. Nísàlẹ̀ tábìlì, bátìrì alùpùpù kan wà lára iná, ó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá."

"Ẹ ṣé o. Ẹ wọlé. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ wá, ẹ ó ní sùúrù fún mi díẹ̀. Mo ń retí ẹnì kan."

Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ kì í fi ọ̀rọ̀ ikú pa mọ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, odindi wákàtí kan ni àwọn dókítà fi ń sọ fún un pé ara rẹ̀ kò yá, pé wọ́n ń sa ipá wọn, pé kí ó mọ́kàn le. Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé òun kò ní fi irú wákàtí bẹ́ẹ̀ jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Ó ṣí fìlà.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni mo bá wá, òun àti máṣíìnì rẹ̀, ní oríta. Ó ti kú."

Bàbá Réwáyà rẹ́rìn-ín.

"Ó tún kú? Ẹ bá mi sọ fún un pé kó má ta á mọ́, á kàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣòfò ni. Kó máa tì í bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bátìrì ti wà lára iná láti àárọ̀. Mo mọ̀ pé kò ní kọjá òní." Ó ti ń ṣí ojú àwọn ife náà sókè. "Ẹ ṣé tí ẹ wá jíṣẹ́ o. Ẹ̀yin gan-an ẹ jókòó, ife wà."

Wọ́n ti na ìbọn sí Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ rí. Èyí le ju ti ìbọn lọ.

"Bàbá," ni ó wí, "kì í ṣe máṣíìnì. Ọmọ yín ni."

Bàbá kò sunkún. Ife kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo inú rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan wà níbẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó pa iná tí bátìrì ń gbà, híhó náà sì dákẹ́.

"Oríta wo?" ni ó bi í. "Ṣé ẹ̀yìn ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni?"

"Rárá. Oríta tí wọ́n ń gbà bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni."

"Ní aago mélòó?"

"Aago mẹ́wàá kò tíì lù."

"Aago mẹ́wàá," ni bàbá wí. Ó wo àga tí ó ti nù mọ́. "Kí ló ń bọ̀ wá ṣe lọ́dọ̀ mi ní aago mẹ́wàá?"

Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ bá ìyàwó olóògbé nínú yàrá ẹ̀yìn ilé wọn. Ilẹ̀ ni ó jókòó sí, nítorí pé àga kò tíì sí níbẹ̀. Ọ̀dà ara ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni, òórùn rẹ̀ ṣì ń ta wọ́n nímú.

"Yàrá ta nìyí, ọmọ mi?"

"Ti bàbá rẹ̀ ni, sà. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní tíì jẹun, á ti gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kùn ún." Ó fi ìka kan ògiri. "Ó ní látìgbà tí ìyá òun ti kú, òun kì í yà sọ́dọ̀ bàbá òun àfi bí máṣíìnì bá kú. Ó ní ó ń dun òun, pé ṣe ni òun dà bí oníbàárà. Bó bá ti ibẹ̀ dé, á dákẹ́ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Ó wá ní Sátidé yìí, máṣíìnì kú o, kò kú o, òun máa gba àyè níbi iṣẹ́, òun máa lọ mú bàbá òun wá sílé. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún bàbá, pé òun fẹ́ wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá gbọ́."

Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ jẹ́ kí ó nu ojú tán.

"Ta ló ń bá a tún máṣíìnì náà ṣe?"

"Bàbá rẹ̀ ni, bó bá jẹ́ ti wáyà. Ti ẹ́ńjìnnì, Sípánà ni, mẹkáníìkì ibi iṣẹ́ wọn. Wọ́n jà ní Ọjọ́rú, òun àti Sípánà. Ó ní Sípánà fẹ́ tú ìjókòó máṣíìnì láti wo wáyà, òun ò sì gbà fún un. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti tú u lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bá mi bi í, sà."

Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ ní kí wọ́n gbé alùpùpù náà lọ sí ọgbà ibi iṣẹ́ olóògbé. Sípánà wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ Sọ́ńdè. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá.

"Ọ̀gá, bó bá jẹ́ pé èmi lẹ wá mú, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fọwọ́, kí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ìjọba má bàa gba gíríìsì lára mi."

"Ṣé ó yẹ kí n mú ẹ ni?"

"Gbogbo wọn ló ń wò mí báyìí!" Ó yí ojú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wò ó. "Wọ́n ní èmi ni mẹkáníìkì, èmi ni mo pa á. Èmi tí wọn ò jẹ́ kí n fìka kan wáyà rẹ̀! Ní Ọjọ́rú, mo ní, ọ̀rẹ́, jẹ́ n wo abẹ́ ìjókòó yìí. Ó ní bàbá òun ló so ó, bàbá òun ti ń so wáyà kí wọ́n tó bí bàbá tèmi. Mo ní, ó dáa, kí ló wá dé tó o fi ń ti máṣíìnì káàkiri ní gbogbo Sátidé bí ẹni ń ti màlúù tó ṣàìsàn? Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí kò bá kú, ìgbà wo lòun máa rí bàbá òun."

"Gbogbo Sátidé?"

"Látìgbà òjò àkọ́rọ̀. Ẹ wo ògiri. Mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ni."

Ó ti fi ẹfun fa ilà sára ògiri, ilà kan fún ìgbàkígbà tí alùpùpù náà bá kú. Ó kọ ọjọ́ sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Sátidé ni èyí àkọ́kọ́. Sátidé ni gbogbo wọn.

Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ ka àwọn ọjọ́ náà tán, ó sì yíjú sí Sípánà.

"Bá mi wo ohun tó ń pa á," ni ó wí. "Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé a ò mọ nǹkan kan."

"Máṣíìnì tó bá ń kú, bí kì í ṣe epo, afẹ́fẹ́ ni. Bí kì í ṣe afẹ́fẹ́, iná ni." Sípánà ṣí ìdérí táńkì, ó fa ọ̀pá epo, epo ṣàn. Ó tú kabúrétọ̀, ó mọ́. Ohun tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kò dí. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó wò ó lójú oòrùn, ó sì dá a padà. Lẹ́yìn èyí ni ó gbé mítà tí a fi ń wọn iná ka ẹnu bátìrì.

"Mẹ́sàn-án lé díẹ̀. Ó yẹ kó ju méjìlá lọ. Iná tó kù síbẹ̀ ò lè jí adìyẹ."

Ó gbé bátìrì mìíràn tí ó kún sí i, ó tẹ sítátà. Alùpùpù tí ọkọ̀ akóyanrìn gbá náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún dáadáa lórí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n gbé e kà. Sájẹ́ǹtì sún sẹ́yìn.

"Ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan," ni Sípánà wí. "Ẹ wo ojú mítà báyìí. Méjìlá ààbọ̀. Mo fẹ́ jẹ́ kó sáré. Bí bátìrì bá ń gba iná lára ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kó gòkè dé mẹ́rìnlá."

Ó fún un níná. Mítà kò gòkè. Ó dúró díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan.

"Kò gbà. Ohun tó ní ló ń ná, nǹkan kan ò wọlé." Sípánà ti gbàgbé àwàdà. Ó gbé mítà ka wáyà yẹ́lò mẹ́ta tí ó ti inú ẹ́ńjìnnì jáde. Ó ní kọ́ìlì tó ń pèsè iná ń ṣiṣẹ́. Ó gbé e ka ẹnu rẹ́gúlétọ̀ tí iná ń gbà kọjá lọ sí bátìrì. "Mẹ́rìnlá ààbọ̀! Ẹ ò rí nǹkan! Iná ń jáde níbí, kò dé ọ̀dọ̀ bátìrì. Nǹkan kan jókòó sójú ọ̀nà."

"Tú ìjókòó."

Lábẹ́ ìjókòó, ìdì wáyà kan fara mọ́ irin, wọ́n fi téèpù dúdú wé e mọ́lẹ̀ dáadáa. Òwú funfun ni wọ́n fi so ìdí téèpù náà, ní ìlọ́po mẹ́ta.

"Ẹ wo ọwọ́ àgbà," ni Sípánà wí. "Tiwa, a ó já téèpù, ó parí. Ta ló tún ráyè òwú láyé ìsinsìnyí?"

"Má pa ẹ́ńjìnnì. Tú u bó ṣe ń ṣiṣẹ́."

Sípánà já òwú, ó ṣí téèpù. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Nínú òkùnkùn ìdì náà, láàárín wáyà méjì, gílóòbù kan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò ń tàn. Kò mọ́lẹ̀ púpọ̀. Ó kàn ń tàn jẹ́ẹ́, bí iná ilé tí wọ́n ti ń retí ẹnì kan.

"Iná tó yẹ kó lọ kún bátìrì," ni Sípánà wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ bíi ti ọ̀gá ọlọ́pàá, "inú eléyìí ló ń gbà kọjá. Ó dín in kù. Díẹ̀ ló ń jẹ́ kó lọ."

"Iṣẹ́ ọ̀tá nìyí," ni Sájẹ́ǹtì wí.

"Bí wọ́n bá gé wáyà náà pátápátá ńkọ́?" ni Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ bi Sípánà.

"Ọjọ́ méjì, bátìrì ti tán. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú eléyìí..." Ó ń ka ìka rẹ̀. "Bó bá kún ní Sátidé, tó sì ń rin ìrìn kan náà lójoojúmọ́..."

"Yóò tán ní Sátidé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹni tó fi í síbẹ̀ fẹ́ kó máa rìn," ni Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ wí. "Kò kàn fẹ́ kó rìn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ni. Ọ̀tá kì í ṣe irú ìṣirò yẹn."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọbìnrin Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ pè é láti òkèèrè.

"Bàbá mi, àyà yín ńkọ́?"

Àyà kò dun Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ rí. Ní oṣù karùn-ún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí fóònù kò dún, ni ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé nǹkan kan ń fún òun láyà. Láti ìgbà náà, kò sí Sọ́ńdè kan tí kì í pè. Bí aago mẹ́ta bá ti lù, ọ̀gá a ti gbé àga rẹ̀ sún mọ́ fóònù.

"Ó ń san díẹ̀díẹ̀," ni ó dáhùn, bí ó ṣe máa ń dáhùn. Ó máa ń ṣọ́ra kí ó má san tán.

Nígbà tí ọmọ náà ti dágbére, fóònù ṣì wà ní etí rẹ̀. Ó ti mọ ìdí tí gílóòbù náà fi wà níbẹ̀ wàyí. Ó wù ú kí ó jẹ́ ọ̀tá.

Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Mọ́ńdè, òun àti Sájẹ́ǹtì wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá Réwáyà. Bàbá jókòó sí àyè rẹ̀. Àga kejì ṣì wà níbi tí ó wà, ife méjèèjì sì ṣì kọjú sókè. Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ gbé gílóòbù náà àti àjákù òwú funfun sórí tábìlì.

"Bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Wọ́n ń tà á káàkiri," ni bàbá wí. "Ẹnikẹ́ni ló lè rà á."

"Òótọ́ ni. Òwú náà ńkọ́?"

"Òwú ni òwú ń jẹ́."

Sájẹ́ǹtì wo ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ kò jókòó sí àga tí wọ́n nù mọ́ náà. Ó dúró.

"Dẹ́rẹ́bà kan sọ fún wa pé ó ti kú kí òun tó gbá a. A fi ṣe yẹ̀yẹ́. Máṣíìnì ló ń sọ. Mo wo máṣíìnì, gbogbo bọ́tìnì iná rẹ̀ ló wà ní títàn, kò sì sí iná kankan. Ọmọ yín tan iná iwájú nítorí ìkùukùu, ó tẹ tíráfíkétọ̀, ó tẹ bíréèkì, gbogbo wọn bù nínú ìwọ̀nba tó kù sínú bátìrì, kò sì ku èyí tí ẹ́ńjìnnì máa fi ṣiṣẹ́. Sípánà fa ilà sára ògiri, Sátidé ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀ kò mọ Sátidé yàtọ̀ sí Túsìdeè. Mo rò ó pé bóyá Sípánà ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Sípánà, kí ló máa mú un bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tú ibi tí ó fi nǹkan pa mọ́ sí?"

Bàbá tẹjú mọ́ òwú náà.

"Èyí tó kù, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Mo wọlé níbí, mo ní ó ti kú. Àṣìṣe tèmi ni. Kò sí ẹni tí í là á mọ́ bàbá lójú báyẹn pé ọmọ rẹ̀ kú, ẹ sì rò pé máṣíìnì ni mo ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn pé ẹ mọ̀ pé kò ní kọjá òní. Bátìrì ti wà lára iná láti àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó jíṣẹ́ fún yín. Ẹ ti nu àga. Báwo lẹ ṣe mọ ọjọ́ tí máṣíìnì tí ẹ kò rí láti ọ̀sẹ̀ kan máa kú? Bí ẹ bá ní Sátidé ló máa ń kú, kí ló dé tí ẹ̀yin tí ẹ mọ wáyà jù kò fi tú u wò láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀?"

Bàbá Réwáyà nawọ́, ó gbé gílóòbù náà. Ó fi ìka rọra nu eruku ara rẹ̀.

"Ṣé ó ṣì ń tàn?"

"Ó ń tàn."

"Wákàtí méjì," ni bàbá wí. "Wákàtí méjì ni mo fi máa ń dá a dúró, mo máa ń ní bátìrì kò tíì kún tán. Òun ni mo ń wá. Á jókòó síbẹ̀ yẹn. Nígbà mìíràn kì í sọ̀rọ̀, á kàn tẹjú mọ́ fóònù. Èmi á máa wo ẹ̀yìn orí rẹ̀. Bí irun ìyá rẹ̀ ṣe máa ń yí nìyẹn." Ó gbé gílóòbù náà kalẹ̀. "Mo ṣírò rẹ̀, ọ̀gá. Inú ọgbà ibi iṣẹ́ ló máa ń kú sí, ní ọ̀sán Sátidé, bó bá ti kó oògùn tán. N kò ṣírò ìkùukùu. N kò ṣírò pé yóò máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi láàárọ̀. Kò wá rí bí nǹkan ò bá kú. Kí ló ń bọ̀ wá ṣe?"

Ọ̀gá Jẹ́ẹ́jẹ́ mọ ìdáhùn. Ó wà lórí ìwé kan nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀.

"Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí, bàbá," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, débi pé Sájẹ́ǹtì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà kò gbọ́. "Bátìrì kọ́ ni mo fi ṣe é." Lẹ́yìn náà ó dé fìlà. "Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin tí kò ṣẹ̀, ọmọ mẹ́ta ló ní. Ẹ dìde, bàbá. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Bàbá dìde. Ó da àwọn ife náà délẹ̀, ó yọ iná, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Kí aago mẹ́wàá tó lù, wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún dẹ́rẹ́bà. "Ṣé mo sọ fún yín àbí n kò sọ fún yín?" ni ó ń wí bí ó ti ń wá bàtà rẹ̀. "Mo ní ó ti kú!" Sájẹ́ǹtì ṣí ìwé rẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ méjì kún iwájú gbólóhùn náà: *Máṣíìnì rẹ̀*. Kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá Réwáyà ti sọ tẹnu rẹ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ku kí ó fọwọ́ sí ìwé ẹrù ọmọ rẹ̀, nítorí òun ni ó bí i. Ó tún dígí rẹ̀ tí ó fi òwú so ṣe sójú. Ó kà á fúnra rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan:

Àpò aláwọ̀ kan.

Fóònù kan, ojú rẹ̀ ti fọ́.

Ẹ̀wù òjò kan.

Fọ́tò obìnrin kan nínú férémù, a fi aṣọ ìnura wé e.

Ìdì òwú funfun mẹ́ta, a kò tíì ṣí wọn.

Dígí ojú àgbàlagbà kan, tuntun, nínú páálí rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kan, tuntun, a fi òwú so bébà kékeré mọ́ ọn ní ìlọ́po mẹ́ta. Ohun tí a kọ sára bébà náà: Yàrá Bàbá.